Bàbá Tí A Pè Ní Ayálégbé

Ọjọ́ tí Tàófíìkì kọ́kọ́ rí Adéṣẹwà, àbúrò mi ló gbé wá sílé fún un bí ẹni gbé àpò gààrí. Ọ̀sán gangan ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọlálérè àbúrò mi, tó jẹ́ bàbá Adéṣẹwà, ti mutí yó, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Bàsírì, níbí l'Adó, àwọn èèyàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Tàófíìkì tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló dúró. Ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń béèrè ilé ẹ̀ kiri títí wọ́n fi júwe ẹ̀ fún un.

Èmi ò sí níbẹ̀ o. Oko mi ní Ìgèdè ni mo wà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, àfi ibi tí Tàófíìkì ti ní aṣọ àdìrẹ aláwọ̀ búlúù ló wà lára ọmọ wa, tí ọmọ wa ní irọ́ ni, aṣọ ìdáná ni, epo ti ta sí i lára.

Ẹnu ọ̀nà ni Adéṣẹwà jókòó sí, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì Ìgbẹmọ. Ó gbójú sókè báyìí, ó rí ọmọkùnrin kan tó rẹwà, tó fi èjìká gbé bàbá ẹ̀. Ṣòkòtò bàbá ti tutù. Ẹ jẹ́ n fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tàófíìkì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ní ibí ni wọ́n ń gbé. Ṣé bàbá yín ni?"

Ọmọ yẹn ò ronú. Ìtìjú ló gba ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rárá o. Ayálégbé wa ni wọ́n."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde nìyẹn. Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́.

Tàófíìkì bá a gbé bàbá wọlé. Ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ó ní kó má bàa bì kó fún un lọ́run. Nígbà tó ń jáde, ó ní, "Wọ́n máa ń mu ún tó báyìí?"

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nilé, kí ló dé tẹ́ ò lé wọn?"

Adéṣẹwà wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ ṣé é tí ẹ mú wọn wá ulé."

Ni ọmọkùnrin náà bá ń rẹ́rìn-ín. "Ulé. Ará Èkìtì pọ́ńbélé lèyí."

"Níbo lẹ̀yin ti wá?"

"Ìwó."

"Ìwó ọmọ odídẹrẹ́. Abájọ tí ẹ̀rín yín fi dún báyẹn."

Ibi tí ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí ọ̀mùtí tó ń hanrun nínú yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, Tàófíìkì tún dé. Ó ra ọsàn wá, ó ní òun wá wo ayálégbé. Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ayálégbé tó ní irú àlejò yìí rí? Ọlálérè jẹ ọsàn, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò mọ ẹni tó rà á. Nígbà tí ọmọkùnrin náà bá fi máa dé, ó ti jáde lọ síbi tó ń lọ.

Kí n sọ irú èèyàn tí Ọlálérè jẹ́, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ọmọ ìta ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ni. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ ebè, òun ló kàwé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ ẹ nílé wa, kò dùn mí. Tó bá ń bọ̀ ní Ìgèdè nígbà yẹn, àwọn ọmọdé á máa sá torí aṣọ tí wọn ò fi sínú ṣòkòtò. Àgbà ìjọ ni. Òun ló ń ka Bíbélì lọ́jọ́ ìkórè, ohùn ẹ̀ á dé ìta.

Ìyàwó ẹ̀ kú, ó sì fẹ̀yìn tì láàárín ìgbà kan náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu paraga láàárọ̀, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń tọ́jú. Jẹ̀díjẹ̀dí ò lọ, paraga di ti ọ̀sán, ó di ti ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ sórí ọtí inú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ń fi eyín já. A máa ń bá a nínú àpò ẹ̀wù ẹ̀, a bá a nínú àpótí Bíbélì.

A gbàdúrà. A gbé e lọ sórí òkè. Ó fi Bíbélì búra, kò pẹ́ tó fi padà sí i. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹ̀ ní Ìgèdè, èmi a ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dójú tini.

Ìfẹ́ àwọn ọmọ wá ń dàgbà. Oríkì ẹ̀ ni Tàófíìkì fi ń pè é, Àbẹ̀kẹ́. Tí iṣẹ́ bá parí, á gbé kẹ̀kẹ́ dúró sí ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n á jókòó sí iwájú ẹ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, tí n bá gbé pàsẹ́ńjà, ìwọ ni mò ń rí nínú díńgí."

"Máa wo títì ní tìẹ, kó o má pa ọmọ ọlọ́mọ."

Inú ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ jẹ́wọ́ láìmọye ìgbà. Tó bá la ẹnu, ojú á tì í, á béèrè ẹ̀pà sí i. Tàófíìkì wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bàbá. Adéṣẹwà ní bàbá òun wà lóko ní Ìgèdè. Èmi nìyẹn.

Ó wá bá mi lóko lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sáàárín ebè.

"Bàbá Ìgèdè, ẹ gbà mí."

"Ta ló lé ọ?"

"Àwọn ará ilé Tàófíìkì fẹ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó gẹ́gẹ́ bíi bàbá mi."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Ó ń sunkún. "Ìyá Tàófíìkì ò fẹ́ ilé ọ̀mùtí. Ó ti sọ ọ́ létí mi. Ó ní àwọn ò tíì fọwọ́ kan ọtí rí nílé àwọn, kí òun tó wá lọ fẹ́ ọmọ ọ̀mùtí fún ọmọ òun."

Mo rò ó. Mo ní kí ló burú níbẹ̀? Nílẹ̀ wa, ẹ̀gbọ́n bàbá, bàbá ni. Ká ní Ọlálérè ti kú, èmi náà ni n ó jókòó. Kò sẹ́ni tó máa ní mo purọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ rò ni pé Ọlálérè ò kú. Ó wà láàyè, ó ń mí, ó sì lọ́mọ.

A ní kí Ọlálérè lọ kí àwọn àna ẹ̀ ní Ìgbẹmọ lọ́jọ́ náà. Ó ní ó dáa. A ò sọ ìdí ẹ̀ fún un.

Ọjọ́ pé. Ìyá Tàófíìkì dé sílé Ọlálérè níbí l'Adó, Alájà Mùlíkàt tó ń ta àwo àti ìkòkò ní Ọjà Ọba, obìnrin tójú ẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ láti Ìwó. A kí ara wa dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ò tiẹ̀ gba àkókò, ta ni nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ nínú ẹbí? Tàófíìkì wá bọ́ síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀, àyà ẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà gígùn. Mo gbádùn ẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Bí a ṣe ṣe àmín báyìí, ilẹ̀kùn yàrá ṣí.

Ọlálérè ò lọ Ìgbẹmọ. Àtàárọ̀ ló ti wà nínú yàrá. Ó wọ bùbá funfun tó lọ̀ fúnra ẹ̀, ó dé fìlà. Kò mu ohunkóhun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti gbọ́ ariwo àlejò, ó mọ̀ pé wọ́n wá fẹ́ ọmọ òun, ó múra.

Tàófíìkì nìkan ni inú ẹ̀ dùn. Ó ní, "Màámi, ayálégbé wọn tí mo sọ fún yín nìyí. Bàbá, ẹ káàsán sà."

Ọlálérè wo ọmọ ẹ̀. Adéṣẹwà doríkodò. Ibẹ̀ ló ti yé e. Mo rí i lójú ẹ̀ nígbà tó yé e, bó sì ṣe ń wò mí lórí àga yẹn, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo rò pé ó máa pariwo ni. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ayálégbé ni mí. Mo ní kí n wá kí onílé kú àlejò ni." Ó yíjú sí Tàófíìkì. "Ọmọ dáadáa lo rí yìí. Mo ti pẹ́ nínú ilé yìí, kò gbó mi lẹ́nu rí. Máa tọ́jú ẹ̀."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé omi fún un, ìdajì ẹ̀ dà sí i láyà torí ọwọ́ ẹ̀. Alájà Mùlíkàt ní, "Ayálégbé yín lẹ́kọ̀ọ́ o."

Nígbà tí àlejò lọ, Adéṣẹwà wó lulẹ̀ níwájú ẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Kò bá a wí. Èmi ló bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú mi lọ sí ọsibítù ńlá yẹn. Wọ́n ń tọ́jú ọtí níbẹ̀."

Mo ní, "Jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó tán ná. Àwọn tí orí wọn dàrú ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Tí àwọn ará Ìwó bá gbọ́ ńkọ́?"

"Kí ló kù tí wọ́n máa gbọ́? Tí n bá dúró dìgbà yẹn, ayálégbé náà ni n ó wà títí n ó fi kú."

"Ṣé o ò kàn lè fi ọtí náà sílẹ̀ nílé níbí?"

"Mo ti dán an wò. Tí n bá fi í sílẹ̀ lójijì, ara mi á máa gbọ̀n, n ó máa rí kòkòrò lára ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láti ọmọdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ara ẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú, òógùn bò ó. A ò tíì mọ ohun tá a máa ṣe tí Tàófíìkì fi dé. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń wá kíni kú àná. Ó rí bàbá lórí bẹ́ǹṣì, kò béèrè nǹkan kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́." Òun ló wà wá dé ọsibítù. Èmi di fìlà mọ́jú.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní, "Ta ló mú wọn wá?"

Tàófíìkì nawọ́ sí mi. "Onílé wọn nìyí, mà."

"Onílé kọ́ là ń wá. Wọ́n máa pẹ́ díẹ̀ níbí, ẹbí ló gbọ́dọ̀ dúró fún wọn. Ta ni ẹbí wọn?"

Èmi ẹ̀gbọ́n. Ìyá kan náà ló bí wa. Mo ń wo Tàófíìkì, mo ń wo nọ́ọ̀sì. Ọlálérè ló dáhùn, eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní, "Mi ò lẹ́bí."

Adéṣẹwà wá bọ́ síwájú. Ohùn ẹ̀ ò jáde dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, ó tún un sọ. "Wọ́n ń purọ́ nítorí mi ni. Bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n bí mi."

Tàófíìkì bá wọn gbé bàbá dórí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà ẹ̀ bó ṣe bọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tí a jáde síta ló tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ọtí ló dùn mí. Ọtí, mo rí i kí n tó fẹ́ ọ."

"Dárí jì mí, olólùfẹ́ mi. Ojú ló tì mí."

"Tí kẹ̀kẹ́ bá gbókìtì lọ́la, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi, kí lo máa sọ fáwọn èèyàn pé mo jẹ́ sí ọ? Oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń gbé ọ lọ sọ́jà?"

Tàófíìkì gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà yẹn le. Ọlálérè kọ́kọ́ ń sọ ìsọkúsọ, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, ó ń sùn. Nígbà tó yá, oúnjẹ ń lọ. Dókítà pè wá, ó ní àìsàn ni, ká yé bú u. Ó ní wọ́n á máa kó Ọlálérè àti àwọn míì jọ, kálukú á máa sọ tiẹ̀. Èmi ń gbé iyán wá láti Ìgèdè. Mo pàdé ọkùnrin ìjọ wa kan lẹ́nu géètì, òun náà di fìlà mọ́jú, ọmọ tiẹ̀ ló wá wò. A kí ara wa bí ẹni pàdé lọ́jà, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

Adéṣẹwà rù. Mo rí i pé tí n bá dákẹ́, ọmọ yìí máa pàdánù ọkọ nítorí àga tí mo jókòó lé. Mo mú un, a lọ bá Alájà Mùlíkàt ní Ọjà Ọba. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un láàárín ìkòkò.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Tàófíìkì ò sọ fún mi. Ó kàn ní òun ò ṣe mọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo wo imú ọmọbìnrin yìí, mo wo imú ayálégbé. Mo ní, áà, onílé ò jọ ọmọ, ayálégbé ló jọ ọ́. Kí Ọlọ́run foríjì mí, ìyàwó yín ni mo rò pé ó ṣe é."

Nínú ìtìjú yẹn, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ta ló ni ìdọ̀bálẹ̀ yẹn?"

"Àbúrò mi ni."

"Ẹ gba nǹkan olóńkan. Ẹ wá ọ̀nà tó fi máa dé ọwọ́ ẹ̀. Mi ò fẹ́ ilé ọ̀mùtí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun kì í ṣe bàbá kí ọjà ọmọ òun má bàa bàjẹ́, ọ̀mùtí nìkan kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti Tàófíìkì, mi ò lè fipá mú un. Kí ọmọbìnrin náà lọ bá a fúnra ẹ̀."

Adéṣẹwà lọ bá a ní gáréèjì wọn, lójú gbogbo àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tàófíìkì, pàsẹ́ńjà ẹ tó o torí ẹ̀ ń sunkún dé o." Òmíràn ní, "Gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ o, aláìláàánú."

Ọmọ yẹn ò wo ojú wọn. Ó ní, "Mi ò wá bẹ̀ ọ́ kó o fẹ́ mi. Ẹni tó o dọ̀bálẹ̀ fún, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá mi wà ní ọsibítù, ọ̀mùtí ni wọ́n, wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Mo fẹ́ kó o wá mọ̀ wọ́n." Ó sọ ọ́ kí gbogbo gáréèjì gbọ́.

Tàófíìkì fi aṣọ nu sítíárì tí kò dọ̀tí. Ó nù ún títí. Ó wá ní, "Wọlé, Àbẹ̀kẹ́."

Mo wà lọ́dọ̀ Ọlálérè nígbà tí wọ́n dé. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ sálúbàtà, ó ń ka ìwé ìròyìn fún mi. Tàófíìkì dé iwájú ẹ̀, kò kí i lórí ìdúró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ọsibítù, níṣojú àwọn aláìsàn àti nọ́ọ̀sì.

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Ọlálérè. "Dìde, ọmọ. Mi ò tíì di ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún."

"Ẹ ṣàdúrà fún mi, Bàbá. Mi ò ní dìde."

"Ojú ń tì mí, jọ̀ọ́."

"Èmi náà ni ojú ń tì. Mo ní kí wọ́n lé yín jáde nílé yín."

Ọlálérè gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, mo rí i lórí irun ọmọ náà. Ẹni tó máa ń fi Bíbélì mi ìjọ tìtì, kò rí àdúrà gígùn ṣe. Ó ní, "Ọlọ́run, má jẹ́ n dójú ti àwọn ọmọ yìí mọ́."

Adéṣẹwà ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, láti ẹ̀yìn, níbi tó yẹ kí n ti wà tẹ́lẹ̀.

Tàófíìkì dìde, Adéṣẹwà ń gbọn eruku láyà ẹ̀, ó ń sunkún. Ọlálérè ní, "Ẹ má dá ọjọ́ ìgbéyàwó kankan títí dókítà á fi ní kí n máa lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ yẹn."

Tàófíìkì ní, "A ó dúró."

Wọ́n dúró lóòótọ́. Ìgbà tí àgbàdo tuntun gbó ni wọ́n tó so yìgì, Ọlálérè ló fa ọmọ ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Alájà wo Ọlálérè látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń ṣọ́ ọ. Ó ṣì ń ṣọ́ ọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọtí náà ti tán. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Ọlálérè kì í fẹ́ jáde, Adéṣẹwà á wá jókòó tì í títí á fi kọjá. Ìsọ̀ paraga pọ̀ lójú ọ̀nà tó lọ sílé ìjọ. Torí ẹ̀ ni Tàófíìkì fi ń wá gbé e láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó jìnnà, kòtò wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa jó. Kò sí èyí tó tíì ṣàròyé nínú àwọn méjèèjì.